Apá bàálù mi gbá ìrù bàálù mìíràn nígbà tí mo ń rìn nílẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdìsá_Texas

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọdún tó kọjá ni mo gba ìwé àṣẹ láti máa wa bàálù kékeré. Cessna 172 ni mo máa ń háyà, ní pápákọ̀ òfurufú kékeré kan níbí tí kò ní tówà, ìyẹn ilé gíga tí wọ́n ti ń darí bàálù. Ní Sátidé, mo balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo yà kúrò lórí runway, ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí, mo ń rìn nílẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ epo. Cessna 182 kan ti rọ epo tán, ó ti kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìrù rẹ̀ sì yọ díẹ̀ sójú ọ̀nà tí mo ń gbà. Mo rí i. Ẹ má rò pé mi ò rí i. Mo wo ìlà yẹ́lò tó wà nílẹ̀, táyà iwájú mi wà lórí rẹ̀ gan-an, mo ní àyè yẹn tó mi kọjá. Ni mo bá na ọwọ́ sí àpò tó wà lórí ìjókòó ọ̀tún láti mú káàdì tí mo fi ń ra epo.

Ìró tí mo gbọ́ ò ju ti ẹni tó fi ẹsẹ̀ tẹ agolo mílíìkì lọ. Bàálù mi fúnra rẹ̀ yí sọ́tùn-ún. Mo pa ẹ́ńjìnì. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ike tó wà ní ṣóńṣó apá ọ̀tún mi ti fọ́, orí rudder tirẹ̀, abala ìrù tó ń yí sọ́tùn-ún sósì, sì ti tẹ̀ wọnú. Àgbàlagbà ni ọkùnrin náà. Òun náà ní òun tẹ orí ba, òun ń kọ ìròyìn ojú ọjọ́ sílẹ̀, òun ò rí mi rárá. A ya fọ́tò, a gba nọ́ńbà ara wa. Ó fi ọwọ́ ti rudder náà sọ́tùn-ún sósì, ó ní ó ṣì ń yí, ó sì fò lọ sílé.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ìlà ni mo tẹ̀ lé. Kí wá ni mo ṣe tí kò dáa? Kí ló sì yẹ kí n ṣe báyìí? Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ronú pé mo fẹ́ tan ẹ́ńjìnì, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ọ̀gá_Olùkọ́

Àdìsá, pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. A dúpẹ́ pé irin ló fara gbá, kì í ṣe ènìyàn.

Ìlà yẹn, táyà ló wà fún. Ẹni tó kùn ún gbà pé gbogbo bàálù tó wà lọ́tùn-ún lósì ló dúró sí àyè tirẹ̀. Bí ìrù ẹnì kan bá ti yọ síta, ìlà náà ò lè sọ fún ọ. Ẹsẹ̀ bàtà 36 ni apá 172 láti ṣóńṣó kan dé èkejì. Ìjókòó òsì lo wà, ìyẹn ni pé ṣóńṣó apá ọ̀tún jìnnà sí ojú rẹ ju ẹsẹ̀ bàtà 18 lọ. Láti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ojú máa ń tan ènìyàn, àgàgà tí oòrùn bá ń kọjú sí ọ.

O ò sọ bí eré rẹ ṣe pọ̀ tó. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé níbi tí bàálù mìíràn bá wà nítòsí, eré ẹni ò gbọdọ̀ ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ lọ. Bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn ní knot 15, tó sì rò pé òun rọra ń lọ, ẹsẹ̀ bàtà 25 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 3 wá káàdì nínú àpò, ó ti rin ẹsẹ̀ bàtà 75. Bí o bá to apá 172 méjì tẹ̀ léra, kò tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìyẹn, kò sí ẹni tó ń wo iwájú.

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé níwọ̀n ìgbà tí táyà bá ń yí, ojú yín ò gbọdọ̀ wọ inú bàálù. Fóònù, káàdì, yíyí rédíò sí ibòmíì, kíká flaps sókè (irin ẹ̀yìn apá tí a ń sọ̀ kalẹ̀ fún ìbalẹ̀), kíka checklist, ìwé ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò, lẹ́yìn ìbalẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ní àyè tirẹ̀, àyè náà sì ni ìgbà tí bàálù bá ti dúró. Kúrò lórí runway, kọjá ìlà ìdúró tán pátápátá, tẹ bíréèkì, kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Tí ọkàn rẹ bá sì ń sọ fún ọ pé "àyè yẹn tó mi kọjá", mọ̀ pé ojú rẹ ò tíì rí i. Dúró. Pa ẹ́ńjìnì. Sọ̀ kalẹ̀ kó o lọ wò ó. Bí kò bá tó, fi ọ̀pá ìfà fà á kọjá pẹ̀lú ọwọ́. Mo ti ṣe é tí àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń bínú, tí wọ́n ń pariwo lórí rédíò. Wọ́n bínú tán, a sì jọ ń kí ara wa títí dòní.

Ẹnjiníà_Ìlọrin

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ yìí nítorí ohun kan wà tí kò lè dúró. Àdìsá, ẹ pe ọkùnrin tó ni 182 yẹn lónìí. Ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ sọ fún un pé kó má gbé bàálù yẹn sókè mọ́ títí mẹkáníìkì yóò fi tú ìrù rẹ̀ wò.

Pé rudder ń yí lọ́wọ́ kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ìgbà tí apá yín gbá orí rẹ̀, agbára náà ò dúró sójú ibi tó tẹ̀. Ó gba ibi tí wọ́n fi híńjì kọ́ rudder mọ́ ìrù kọjá, ó dé ẹsẹ̀ ìrù fúnra rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi bóòtù dè é mọ́ ara bàálù. Àwọn irin tó di híńjì mú yẹn ò nípọn. Wọ́n lè sán bí irun orí, kó máà hàn àfi téèyàn bá tan iná sí i, tó sì nu ọ̀dà ara rẹ̀ mọ́. Lójú òfurufú, afẹ́fẹ́ ń tì í sọ́tùn-ún sósì láìdúró, ibi tó sán yẹn á sì máa gùn sí i.

Tiyín náà ńkọ́? Ike tó fọ́ ló rọrùn jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo ibi tí aileron, irin ẹ̀yìn apá tó ń mú bàálù tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ti sọ mọ́ apá, kí wọ́n wo ibi tí ọ̀pá tó gbé apá dúró ti wọ inú apá àti ibi tó ti wọ ara bàálù, kí wọ́n sì wo orí àwọn rivet, ìyẹn ìṣó tó so irin mọ́ ara wọn. Bí ẹ bá rí eruku dúdú tó yí orí rivet ká, irin méjì ló ń ha ara wọn lábẹ́ níbẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá awọ irin apá náà wọ́ jọ níbì kankan. Èmi máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ rá a lọ láti ṣóńṣó dé ìdí, torí ọwọ́ máa ń mọ ohun tí ojú fò dá.

Ká ní propeller yín, abẹ̀bẹ̀ iwájú, ló kan ohunkóhun ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Fún ẹ́ńjìnì Lycoming, àṣẹ kan wà tí FAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2004, AD 2004-10-14. Ó ní bí propeller bá gbá nǹkan débi pé àtúnṣe rẹ̀ ju kéèyàn kàn fi fáìlì ha etí rẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì kí wọ́n yẹ jíà tó wà lẹ́yìn crankshaft, ọ̀pá ńlá inú ẹ́ńjìnì tó ń yí propeller, wò. Yálà ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ nígbà náà tàbí kò ṣiṣẹ́, ìkan náà ni. Mo sọ ọ́ nítorí mo ti rí ẹni tó fi òkúta pọ́n propeller rẹ̀ tán tó sì fẹ́ máa lọ.

Àdùkẹ́_Kent

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Super Cub ni èmi ń wà, bàálù tí táyà kékeré rẹ̀ wà nídìí. Nílẹ̀, imú rẹ̀ máa ń wo ọ̀run, orí ẹ́ńjìnì nìkan ni mo sì ń rí níwájú mi. Bí mo bá fẹ́ rìn, mo ní láti máa yí imú rẹ̀ sọ́tùn-ún, kí n yọjú lójú fèrèsé òsì, kí n tún yí i sósì, kí n yọjú lọ́tùn-ún, bí ejò. Níbi tí ọ̀nà bá ti tóóró tí n kò lè yí i, mo máa ń ní kí ẹnì kan máa rìn níwájú ní ṣóńṣó apá mi, níbi tí mo ti lè máa rí i, tí ó sì jìnnà sí propeller.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ẹ̀yin tí ẹ ń wa Cessna máa ń gbà pé ẹni tó wà lẹ́yìn yín ń rí yín. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2006, níbi àpéjọ àwọn awakọ̀ bàálù ní Oshkosh, ní Wisconsin, bàálù ogun àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní TBM Avenger ń rìn nílẹ̀ lọ síbi tí yóò ti gbéra. RV-6 kékeré kan wà níwájú rẹ̀. Apá Avenger ju ẹsẹ̀ bàtà 54 lọ, ti RV-6 ò ju 23 lọ. Propeller Avenger gun RV-6 náà láti ẹ̀yìn. Ẹni tó jókòó ti awakọ̀ RV-6 kú. Wọn ò tíì kúrò nílẹ̀ rárá o.

Láti ìgbà tí mo ti ka ìròyìn yẹn, bí bàálù onítáyà-ìdí bá wà lẹ́yìn mi, mi ò kì í dúró gbọọrọ níwájú rẹ̀. Mo máa ń dúró ní ẹ̀gbẹ́, mo máa ń sọ lórí rédíò pé èmi ni mo wà níwájú rẹ̀, mo sì máa ń dúró kó dá mi lóhùn. Àdìsá, ọkùnrin yẹn náà dúró pẹ̀lú ìrù lójú ọ̀nà, ó tẹ orí ba. Orí méjì ló tẹ̀ ba lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ ọ́ láti gbé ẹ̀bi kúrò lórí yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá nìkan gbé gbogbo rẹ̀.

Tóyọ̀sí

Ẹ jọ̀wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, wákàtí 22 péré ni mo ní. Tí bàálù méjì bá pàdé nílẹ̀, ta ló ń yẹ̀ fún ta? Àti pé níbi tí tówà bá wà, ṣé kì í ṣe àwọn ni wọ́n ń bá wa wo apá wa ni?

Ọ̀gá_Olùkọ́

Tóyọ̀sí, ìbéèrè gidi ni.

Òfin ICAO, àjọ àgbáyé fún ọkọ̀ òfurufú, ti sọ ọ́ nínú Annex 2. Tí ẹ bá ń bọ̀ kọjú sí ara yín, kí ẹ̀yin méjèèjì dúró, tàbí kí kálukú yà sí ọ̀tún tirẹ̀ bí àyè bá wà. Tí ọ̀nà yín bá fẹ́ pàdé ní orítà, ẹni tó bá rí èkejì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni yóò dúró. Tí ẹnì kan bá fẹ́ kọjá lára èkejì láti ẹ̀yìn, ẹni tí wọ́n fẹ́ kọjá lára rẹ̀ ló ni ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tí òfin bá tún apá bàálù rẹ̀ ṣe. Bí o bá ní ẹ̀tọ́, tí ẹni yẹn ò sì dúró, ìwọ dúró.

Ti tówà: iṣẹ́ wọn ni láti sọ ọ̀nà tí wàá gbà fún ọ àti láti má jẹ́ kó o wọ runway nígbà tí kò yẹ. Wọn kì í wọn àyè tó wà láàárín apá rẹ àti ìrù ẹlòmíì. Ibi tí bàálù ń dúró sí àti ibi ẹ̀rọ epo sábà máa ń wà lẹ́yìn ààlà ibi tí wọ́n ń darí. Ìwọ nìkan ló wà níbẹ̀.

Àní lórí runway pàápàá, má gbé ojú rẹ fún wọn. Ní Sarasota, Florida, ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2000, Cessna méjì, 152 àti 172, kọlu ara wọn lórí runway kan náà. Ọ̀kan ti wọ runway láti àárín, èkejì ń sáré bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti gbéra. Tówà wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ènìyàn 4 ló kú. Kó o tó wọ runway, láti àárín pàápàá, yí imú bàálù rẹ kó o wo gbogbo runway láti òpin dé òpin, kó o sì fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ẹlòmíì, kì í ṣe fún ìwọ nìkan.

Ibi tí kò bá sí tówà, rédíò ni gbogbo wa gbára lé, rédíò sì lè ṣini lọ́nà. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Quincy, ní Illinois, ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 1996. Beech 1900 tó kó èrò ń bọ̀ wá balẹ̀. King Air kan wà létí runway kejì tó dábùú èyí tí wọ́n fẹ́ balẹ̀ sí, Cherokee kan sì wà lẹ́yìn King Air náà. Àwọn ti 1900 béèrè bóyá King Air yóò dúró. Cherokee ló dáhùn, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì dé etí wọn nítorí ohun kan ń dún nínú bàálù wọn. Wọ́n gbà pé King Air ló dá wọn lóhùn. King Air ò dá wọn lóhùn rárá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Wọ́n pàdé ní orítà runway méjèèjì. Gbogbo ènìyàn 14 tó wà nínú bàálù méjèèjì ló kú. Ilẹ̀kùn 1900 ò ṣí, iná sì ti ràn. Ẹni tó wà nínú Cherokee ò ní èrò burúkú kankan. Nítorí náà, bí wọn ò bá pe nọ́ńbà tìrẹ, má dáhùn. Bí o bá dáhùn, kọ́kọ́ sọ nọ́ńbà rẹ àti ibi tó o wà. Bí ẹni tó o bi léèrè ò bá dárúkọ ara rẹ̀, tún un bi.

Bọ́lá_Atlanta

Kò tíì sí ẹni tó mẹ́nu kan ibi tí tèmi ti fẹ́ ṣẹlẹ̀, ìyẹn ibi tí a ti ń dán ẹ́ńjìnì wò kí a tó gbéra. Mo fa bíréèkì ìdúró, mo gbé ẹ́ńjìnì sókè dé 1800 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, mo tẹ orí ba mo ń wo magneto, ohun tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnì. Bíréèkì yẹn ò dì mọ́ dáadáa. Bàálù ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, mi ò mọ̀, nítorí pé ó ń gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n nígbà tí ẹ́ńjìnì bá lọ sókè. Ohun tó jí mi ni pé ìmọ́lẹ̀ inú bàálù yí padà. Mo gbé ojú sókè, ìrù bàálù Warrior kan ti kún gbogbo iwájú mi. Mo fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, mo sì fa ẹ́ńjìnì wálẹ̀. Àyè tó kù láàárín propeller mi àti ìrù náà, bí mo bá na apá mi, màá kan án. Ọmọ mi obìnrin wà lẹ́yìn nínú bàálù mi.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi ló ń di bàálù mú, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì ìdúró mọ́. Mo máa ń yí imú sí ibi tí kò sí ẹnì kankan. Mo sì máa ń yan ohun kan ní ẹ̀gbẹ́, òpó tàbí koríko, tí mo bá wo aago kan tán, màá wò ó kí n tó wo òmíràn.

Ẹnjiníà_Ìlọrin

Ẹ kú ewu, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ bíréèkì yìí kan àwọn tó ń wa Diamond DA40 tàbí Cirrus jù lọ, torí táyà iwájú wọn ò sọ mọ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ó kàn ń yí fúnra rẹ̀. Bíréèkì ọ̀tún àti ti òsì nìkan ni wọ́n fi ń yà. Bí ọ̀kan bá kọ̀, bàálù á yí sí ibi tí èkejì ń fà á, apá DA40 sì tó ẹsẹ̀ bàtà 39. Ní kété tí bàálù bá ti kúrò lójú kan, ẹ tẹ méjèèjì wò, nígbà tí kò tíì sí ẹnì kankan nítòsí. Ẹ má sì máa gbé ẹ́ńjìnì sókè kí ẹ tún máa fi bíréèkì dá a dúró, ó máa ń gbóná débi iná.

Ọ̀gá_Olùkọ́

Àdìsá, nípa ohun tó kù tó yẹ kó o ṣe. Sọ fún ẹni tó ni bàálù tó o háyà, sọ fún àwọn adójútòfò, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ṣì yé ọ. Nínú òfin NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ní Amẹ́ríkà, ìbàjẹ́ ṣóńṣó apá àti ti propeller nílẹ̀ kì í ṣe ara ìbàjẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì bá rí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lára apá tàbí ìrù, ọ̀rọ̀ lè yí padà, o ní láti fi tó wọn létí. Fi ìròyìn ránṣẹ́ sí NASA náà, ètò tí wọ́n ń pè ní ASRS, níbi tí awakọ̀ ti ń jábọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ọjọ́ 10 tó pé. Wọ́n á yọ orúkọ rẹ kúrò nínú rẹ̀, ó sì lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ìyà FAA níwọ̀n bí o kò ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Àdìsá_Texas

Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́run á san yín lóore. Mo pe bàbá náà lálẹ́ ọjọ́ tí Ẹnjiníà kọ̀wé. Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan, mo wá bẹ̀ ẹ́. Mẹkáníìkì rẹ̀ tú ìrù náà lánàá. Irin tó di híńjì òkè mú ti sán. Bàbá náà dákẹ́ pẹ́ lórí fóònù kó tó sọ fún mi pé Friday ni òun fẹ́ fi gbé ìyàwó òun lọ wo àwọn ọmọ wọn.

Tèmi, aileron mọ́, apá mọ́, ike nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Mo ti fi ìròyìn ránṣẹ́ sí NASA.

Mo tún ṣe ohun kan. Mo jókòó sínú 172 náà tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kú, ọ̀rẹ́ mi di ọ̀pá ìgbálẹ̀ mú lóròó, ó dúró sí iwájú ṣóńṣó apá ọ̀tún. Mo ní kó máa sún mọ́ apá títí màá fi sọ pé ó ku ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Kò pé méjì. A tún un ṣe nígbà mẹ́rin, mi ò sọ ọ́ bó ṣe rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lónìí olùkọ́ mi bá mi wọ̀ ọ́. A rìn lọ síbi ẹ̀rọ epo. Bàálù méjì wà níbẹ̀, àyè tó wà láàárín wọn ò dá mi lójú, mo pa ẹ́ńjìnì níbi tó ṣì jìnnà, a sì fi ọwọ́ fà á dé ìdí ẹ̀rọ. Ìgbà tí táyà dúró tán ni mo tó wá káàdì.